Fóònù Ọmọ Yín, Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Láti Òru: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí l'Abẹ́òkúta

Tí ọ̀rọ̀ fóònù ọmọ bá ti sú òbí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí wọ́n gbà á. Bàbá á dé láti ibi iṣẹ́, ọmọ ò ní kí i dáadáa torí ojú ẹ̀ wà nínú TikTok, bàbá á já fóònù gbà, á tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó di oṣù tó ń bọ̀. Tó bá di ọjọ́ kẹta màmá á rọra yọ ọ́ fún un torí ọmọ ń sunkún pé wọ́n ti fi iṣẹ́ àṣetiléwá sórí WhatsApp kíláàsì, bàbá á tún rí i, ọ̀rọ̀ á wá di ìjà tọkọtaya. Mo ti rí èyí nínú ilé tó pọ̀ l'Abẹ́òkúta níbí, ní Ọbáńtokò, ní Àdàtán, ní Ìbarà, ilé olówó àti ilé mẹ̀kúnnù, mi ò tíì rí èyí tí gbígbà yẹn tán ọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ò ju ẹyọ kan lọ, ibẹ̀ ni gbogbo ìyókù ti jáde. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sán, òru ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tí fóònù ò bá sùn sí yàrá ọmọ mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wàhálà yẹn á ti rọlẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn rárá. Àti pé òfin yòówù tí ẹ bá ṣe, ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹ̀. Àwọn ọmọ bíi ọdún 12 sí 17 ni mo ní lọ́kàn, àwọn tó ti wọ sẹ́kọ́ńdírì, tí fóònù ti di tiwọn tàbí tí wọ́n ń lo ti màmá wọn bí ẹni pé tiwọn ni.

Kí ẹ tó ṣe òfin, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀

Ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ kan wo bí ọmọ ṣe ń lo fóònù yẹn gan-an. Tó bá jẹ́ Tecno, Infinix, itel tàbí Samsung, ẹ wọ inú Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Digital Wellbeing sí, ó máa ń wà nísàlẹ̀. Á fi iye wákàtí tó lò lónìí hàn yín, ààpù tó lò jù, iye ìgbà tó ṣí fóònù àti iye nótífíkéṣọ̀n tó wọlé. Lórí iPhone, Screen Time ni wọ́n ń pè é, inú Settings náà ló wà. Ẹ má yọ́ ṣe é o. Ẹ pe ọmọ, ẹ jọ jókòó, ẹ jọ wò ó, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí tiyín sílẹ̀ kí òun náà wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wákàtí tiwa á pọ̀ ju ti ọmọ lọ, ó sàn kí ìyẹn ti hàn síta ṣáájú torí ọmọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí iye wákàtí nìkan dẹ́rù bà yín. Ọmọ kan lè lo wákàtí márùn-ún kí méjì nínú ẹ̀ jẹ́ ìṣirò tó ń wò lórí YouTube, kí ẹyọ kan jẹ́ pé ó ń bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn sọ̀rọ̀. Ẹlòmíì á lo wákàtí méjì péré, àmọ́ láti aago 12 òru sí aago méjì ni, èyí ló ń bà mí lẹ́rù ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nítorí náà ohun tí ẹ máa wá ni aago tó ń lò ó, ohun tó ń fi ṣe, àti nǹkan tó ti ń bàjẹ́ nítorí ẹ̀. Ṣé ó ń sùn ní kíláàsì? Ṣé oúnjẹ máa ń tutù síwájú ẹ̀? Bọ́ọ̀lù tó ń gbá, ẹgbẹ́ akọrin tó ń lọ, ilé kéwú, ṣé ó ti ń sá fún wọn? Ṣé ó máa ń yára dojú fóònù délẹ̀ tí ẹ bá wọlé, ṣé inú ẹ̀ máa ń ru tí dátà bá tán?

Ẹ má sì tètè pe ọmọ ní aláìsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi àìsàn gèémù sínú ìwé àkójọ àìsàn wọn tó ń jẹ́ ICD-11 lọ́dún 2019, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìwé náà ní oṣù kìíní ọdún 2022. Àmọ́ ohun tí wọ́n ní kí dókítà wò kì í ṣe wákàtí. Wọ́n ní kó wò ó bóyá ẹni náà ò lè kó ara ẹ̀ níjàánu mọ́, bóyá gèémù ti borí gbogbo nǹkan tó kù láyé ẹ̀, bóyá ó ṣì ń gbá a lọ bó tilẹ̀ ń rí i pé ó ń ba òun jẹ́, kí gbogbo ẹ̀ sì ti tó bí oṣù 12. Ọmọ tó gbá Free Fire láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nígbà ọlidé kò tíì débẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an: fóònù ò gbọdọ̀ sùn sí yàrá ọmọ

Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10 lóòjọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọmọ tó ń ti Ọbáńtokò lọ sílé-ìwé ní Ìbarà gbọ́dọ̀ jí ní bí aago márùn-ún ààbọ̀ kó tó lè wẹ̀, kó jẹun, kó wọ kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà, kó débẹ̀ kí wọ́n tó lu agogo. Tó bá sùn ní aago kan òru, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ló sùn yẹn. Tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, orí ẹ̀ ò lè gba nǹkan tí wọ́n ń kọ́ ọ, tíṣà á máa pè é ní olódo, ẹ̀yin náà á máa pè é ní ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ oorun ni ò tó.

Ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù máa ń tan ọpọlọ jẹ bíi pé ilẹ̀ ò tíì ṣú, èròjà tí ara fi ń mọ̀ pé àkókò oorun ti tó ò ní tètè jáde. Àmọ́ èmi ò ka ìmọ́lẹ̀ yẹn sí tó ohun tó wà nínú fóònù fúnra ẹ̀. Fídíò kan á parí, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan, àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó má ní òpin ni, ẹ wá ń retí kí ọmọ ọdún 14 fúnra ẹ̀ ní ó tó nígbà tí àwa àgbà gan-an ò lè ṣe é.

Nǹkan méjì tún wà ní ìlú wa tó ń ti ọmọ sínú òru. Àkọ́kọ́ ni dátà òru tí àwọn ilé-iṣẹ́ sìímù ń tà ní owó pọ́ọ́kú, tó jẹ́ pé lẹ́yìn aago 12 ló ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tí kò lówó dátà ọ̀sán á dúró de aago 12 ni, òbí á ti sùn, òun á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀. Ìkejì ni iná. NEPA lè má mú iná wá láti àárọ̀, kó wá dé ní aago kan òru, ọmọ á dìde láti lọ fi fóònù sí ṣájì, ibẹ̀ ló máa jókòó sí dìgbà tí wọ́n bá pe ìrun àsùbáà. Nítorí náà òfin òru tí kò bá rántí dátà àti iná, kò ní pẹ́ tó fi máa wó.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ yan ibì kan tí gbogbo fóònù ilé á máa sùn sí, pálọ̀ tàbí yàrá tiyín, kí ẹ fi ẹ̀síténṣọ̀n kan síbẹ̀. Ẹ yan aago, fún ọjọ́ ilé-ìwé bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, fún Fúráídè àti Sátidé ẹ lè fi wákàtí kan kún un. Tí aago bá ti lù, tiyín ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, lójú wọn. Èyí tí màmá bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí tí bàbá jẹ́ ẹni tí wọ́n lè pè lóru, ẹ gbé ohùn ìpè sókè dáadáa kí ó wà ní pálọ̀ bákan náà, tó bá dún ẹ á gbọ́. Páwábáǹkì náà, pálọ̀ ló ń sùn. Tí ẹ bá ń tan jẹnẹrétọ̀, àárín aago méje sí mẹ́sàn-án ni kí wọ́n ṣájì, tí iná bá wá dé lóru, àgbà ni kó dìde lọ fi gbogbo ẹ̀ sí i. Dátà òru, ẹ má rà á fún un mọ́, ẹ sì ṣàlàyé ìdí ẹ̀ fún un kó má rò pé owó lẹ fi ń ṣahun.

Ọmọ á ní fóònù lòun fi ń jí. Ẹ ra aago kékeré tó ń dún fún un, ẹ á rí i ní Kútọ̀ tàbí ní Sápọn, kì í wọ́n. Á ní òun ń fi fóònù kàwé lálẹ́. Ìyẹn lè jẹ́ òótọ́, pàápàá tó bá ń múra JAMB, torí láti 2015 orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn ààpù tí wọ́n fi ń dánra wò sì wúlò gan-an. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú ààpù yẹn ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Kó pa dátà, kó jókòó sídìí tábìlì pálọ̀, kó kà á kí aago tó lù, tàbí kí ẹ lọ tẹ past question jáde ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, kó mú bébà wọ yàrá lọ. Bébà ò ní nótífíkéṣọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á le. Ọmọ á bínú, á ní ẹ ò fọkàn tán òun, oorun gan-an lè má tètè wá torí ara ẹ̀ ti mọ́ aago kan òru, ẹ lè rí fóònù àtijọ́ tí ojú ẹ̀ ti fọ́ tó ti tún gbé dìde lábẹ́ pílò. Ẹ gba ìyẹn náà sí pálọ̀ láìpariwo. Ohun tó máa ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ ni kí bàbá tàbí màmá ní kó mú un lọ lọ́jọ́ kẹta torí àánú ṣe é, tí ọmọ bá ti rí i pé òfin náà ń yẹ̀, ẹ ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bára yín sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì, nínú yàrá, kí ọ̀rọ̀ yín jẹ́ ọ̀kan. Tó bá jẹ́ ìyá àgbà ló ń bá yín tọ́ ọmọ, ẹ sọ fún ìyá àgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ tiẹ̀, kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀

Ìjókòó yìí ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń fò. Wọ́n rò pé tí ẹ bá bi ọmọ léèrè, ẹ ti fún un láṣẹ. Rárá o, àṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ kàn fẹ́ mọ ohun tó dì í mú ni. Ẹ wo bí ó ṣe lè lọ láàárín ìyá àti ọmọ ẹ̀ obìnrin tó wà ní SS1:

"Màámi, gbogbo ọmọ kíláàsì wa ló ń wà lórí ẹ̀ di aago kan."

"Mo gbọ́. Kí lẹ máa ń sọ ní aago kan òru?"

"Kò sí nǹkan gidi mà. Wọ́n á kàn máa sọ̀rọ̀ nínú gúrúùpù. Tí n ò bá sí níbẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n á ti sọ ọ́ tán, wọ́n á wá máa fi mí rẹ́rìn-ín ní àárọ̀."

"Ìwọ ni wọ́n ń sọ?"

"Nígbà míì mà."

Ẹ rí i báyìí, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àgídí. Ẹ̀rù ló ń ba ọmọ yẹn, ó ń ṣọ́ orúkọ ara ẹ̀ lóru. Tí ẹ bá kàn gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀ láìgbọ́ ìyẹn, ẹ ti gba fóònù, ẹ ò mú ẹ̀rù kúrò. Ìyá yìí lè bá àwọn ìyá mẹ́ta mẹ́rin nínú kíláàsì yẹn sọ̀rọ̀ kí gbogbo wọn jọ fi fóònù àwọn ọmọ sí pálọ̀ ní aago kan náà, ẹ kúkú ti ní gúrúùpù òbí lórí WhatsApp, ẹ lò ó fún èyí. Tí àwọn ọmọ mẹ́rin bá ti kúrò nínú gúrúùpù ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, kò ní sí ẹni tí wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú ìwé kan, kí ọmọ fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ohun tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Aago tí fóònù máa sùn. Pé kò sí fóònù nídìí oúnjẹ, ti bàbá náà wà níbẹ̀. Ta ló ń ra dátà àti mélòó lọ́sẹ̀, mo fara mọ́ ọ̀sẹ̀ ju oṣù lọ torí ọmọ á kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ ná. Pé òbí mọ páásíwọ̀ọ̀dù tó ṣí fóònù, àti pé òbí ò ní máa ka ọ̀rọ̀ òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ láìnídìí. Pé kò ní gbé fọ́tò ara ẹ̀ tí kò wọṣọ fún ẹnikẹ́ni láé. Àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tó bá rú u. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ jẹ́ kó kéré, kó sì dájú. Tó bá rú u lónìí, fóònù ò jáde lọ́la, ó parí. Ìyà ọjọ́ kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ lágbára ju ti oṣù mẹ́ta tí gbogbo ilé mọ̀ pé kò ní dé ọ̀sẹ̀ kejì.

Kí a máa fọ́ fóònù mọ́lẹ̀, kí a máa fi wáyà ṣájà na ọmọ, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ọmọ tí wọ́n fọ́ fóònù ẹ̀ á lo ti ọ̀rẹ́ ẹ̀, á ṣí àkáǹtì mìíràn tí ẹ ò mọ̀, lọ́jọ́ tí ewu gidi bá sì dé, ẹ̀yin ló máa sọ fún kẹ́yìn. Ewu yẹn wà, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Fóònù fúnra ẹ̀, ẹ tò ó

Tí ọmọ bá ń lo Android, Family Link ti Google ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbé e sórí fóònù tiyín, Android tàbí iPhone, ẹ fi Gmail yín wọlé, ẹ fi Gmail ọmọ kún un, ẹ mú fóònù ọmọ dání torí á ní kí ẹ tẹ páásíwọ̀ọ̀dù ẹ̀ níbẹ̀. Tó bá ti so pọ̀, ẹ lọ síbi screen time, ẹ fi aago tí fóònù máa tì lálẹ́ síbẹ̀ àti aago tó máa ṣí láàárọ̀. Tó bá tì, ọmọ ṣì lè gbé ìpè, ó sì lè pe nọ́ńbà pàjáwìrì, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù pé kò ní lè dá yín lóhùn. Ẹ tún lè ṣe é kó jẹ́ pé ààpù tuntun tó bá fẹ́ gbé sórí fóònù, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbà. Lórí iPhone, inú Screen Time yẹn náà ni gbogbo ẹ̀ wà, ẹ fi páásíkóòdù tí ọmọ ò mọ̀ sí i. Ẹ sọ fún ọmọ pé ẹ fi í síbẹ̀ o. Ààpù amí tí wọ́n ń fi pa mọ́ sínú fóònù ọmọ, ẹ jìnnà sí i, ọjọ́ tó bá rí i ni ìfọkàntán tán láàárín yín.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ yẹ ọjọ́ ìbí tó wà lórí àkáǹtì wò. Èyí kékeré lójú àmọ́ ó tóbi gan-an. Ọmọ ọdún 13 ni TikTok, Instagram àti WhatsApp fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún 11 tó bá fẹ́ wọlé á kàn kọ pé 1998 ni wọ́n bí òun. Láti ọjọ́ yẹn àgbàlagbà ni ààpù kà á sí, gbogbo ààbò tí wọ́n ṣe fún ọmọdé ò kàn án mọ́. TikTok ò jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé 16 gba mẹ́sẹ́ẹ̀jì kọ̀rọ̀, láti 2023 ni wọ́n sì ti fi ìdíwọ́n wákàtí kan lóòjọ́ sí àkáǹtì àwọn tí kò tíì pé 18. Instagram náà gbé àkáǹtì ọ̀dọ́ dé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àkáǹtì yẹn máa ń wà ní títì, àlejò ò lè bá ọmọ sọ̀rọ̀, láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago méje àárọ̀ nótífíkéṣọ̀n ò ní dún. Gbogbo èyí, orí ọjọ́ ìbí òótọ́ ló dúró lé. TikTok tún ní Family Pairing tó ń so àkáǹtì yín mọ́ ti ọmọ, inú Settings and privacy ló wà.

WhatsApp: Settings, Privacy, Groups, ẹ yí i sí My contacts kí ẹni tí kò mọ̀ má fà á sínú gúrúùpù, ẹ sì pa ohùn ìpè àwọn tí kò sí lórí fóònù ẹ̀. YouTube: ẹ pa autoplay tó ń gbé fídíò mìíràn wá fúnra ẹ̀, ẹ tan Restricted Mode tó ń dí fídíò tí kò yẹ ọmọdé. Play Store: ẹ ṣe é kó máa béèrè páásíwọ̀ọ̀dù kó tó ra ohunkóhun, torí dáyámọ́ńdì gèémù ti gbé owó ọjà ọ̀pọ̀ ìyá lọ. PIN ààpù báńkì yín, ọmọ ò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n, kódà tó bá jẹ́ òun ló ń bá yín ránṣẹ́ owó.

Ewu tí òru ń gbé wá

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa ìlú wa. Gbogbo ìgbà ni EFCC ń wá mú àwọn ọ̀dọ́ l'Abẹ́òkúta lórí yàhúù, àwọn kan nínú wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n jáde sẹ́kọ́ńdírì. Òru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ yẹn torí òru wa ni ìrọ̀lẹ́ Amẹ́ríkà. Tí ọmọkùnrin yín bá ń bá "ẹ̀gbọ́n" kan ládùúgbò ṣeré tí ẹ ò mọ iṣẹ́ ẹ̀, tó ní sìímù kejì, tí fọ́tò òyìnbó wà lórí WhatsApp ẹ̀, tó ń mú owó wálé tí kò lórísun, ẹ béèrè. Òbí tó gba owó yẹn tó ní Ọlọ́run ti bùkún ọmọ òun, òun náà ti fọwọ́ sí i, mi ò lè sọ ọ́ kó dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà ní Nàìjíríà láti 2015.

Ẹ jẹ́ kó mọ ibi tó ń já sí. Lọ́dún 2024, ilé-ẹjọ́ kan ní Michigan l'Amẹ́ríkà ju tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n ti Èkó gbé lọ sẹ́wọ̀n ọdún 17 àti oṣù mẹ́fà, ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣe bíi ọmọbìnrin lórí Instagram, wọ́n gba fọ́tò ìhòòhò lọ́wọ́ ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan, wọ́n ní kó sanwó kí àwọn má bàa pín in káàkiri, ọmọ náà gba ẹ̀mí ara ẹ̀. Ẹ rò ó lọ́nà méjèèjì. Ọmọ yín lè jẹ́ ẹni tí wọ́n máa ṣe é sí, ó sì lè jẹ́ ẹni tí wọ́n máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Tí ọmọ bá wá bá yín pé ẹnì kan ń fi fọ́tò halẹ̀ mọ́ òun, ohun àkọ́kọ́ tó máa ti ẹnu yín jáde ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ ní: "O ṣeun tí o sọ fún mi, a jọ máa yanjú ẹ̀ ni." Ìbáwí lè dúró. Ẹ má sanwó, torí tí ẹ bá san án lẹ́ẹ̀kan wọ́n á tún padà wá. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ẹ ya àwòrán ojú fóònù (screenshot) gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àkáǹtì àti nọ́ńbà, kí ẹ tó rípọ́ọ̀tì ẹni náà nínú ààpù, kí ẹ sì búlọ́ọ̀kù ẹ̀. Ẹ gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, olú ilé-iṣẹ́ wọn wà ní Eléwéẹran. Tí fọ́tò bá ti jáde tàbí ẹ̀rù ń bà yín pé ó máa jáde, ẹ wá Take It Down ti NCMEC, àjọ kan tó ń dáàbò bo ọmọdé l'Amẹ́ríkà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó wà ní orílẹ̀-èdè yòówù lè lò ó. Ọmọ ò ní fi fọ́tò náà ránṣẹ́ síbẹ̀ rárá, fóònù ẹ̀ á ṣe nọ́ńbà kan láti ara fọ́tò náà, nọ́ńbà yẹn ni Facebook, Instagram, TikTok àti àwọn míì fi ń wá a kí wọ́n lè yọ ọ́. Ní ọjọ́ bíi mélòó kan sí ìgbà yẹn, ẹ má fi ọmọ náà sílẹ̀ lóun nìkan.

Kí ló máa rọ́pò ẹ̀?

Wákàtí tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ fóònù, nǹkan gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fóònù á padà gbà á. Tí ẹ bá ń lọ sọ́jà Láfẹ́nwá ní aago mẹ́fà àárọ̀ tí ẹ ò dé títí di aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ ò lè máa ṣọ́ fóònù láti ọjà, nítorí náà ẹ wá nǹkan tí ọmọ á máa lọ ṣe lẹ́yìn ilé-ìwé. Ẹ jẹ́ kó wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù. Kó lọ gbá bọ́ọ̀lù. Kó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ nígbà ọlidé, àdìrẹ kúkú wà ní Ìtòkú, ọmọ tó bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń so ó àti bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́ láró kì í ráyè fún fóònù torí ọwọ́ ẹ̀ ti kún fún aró. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ lè jọ gun Olúmọ, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú yìí ò tíì débẹ̀ rí.

Fóònù náà, ẹ fún un níṣẹ́. Màmá tó ń ta àdìrẹ, kí ọmọ máa bá a ya fọ́tò aṣọ, kó máa kọ iye owó sí i, kó máa gbé e sórí status, kó máa dá kọsítọ́mà lóhùn ní ọ̀sán, kí ẹ sì fún un ní nǹkan níbẹ̀. Ọmọ tó bá ti rí i pé fóònù lè mú owó tó mọ́ wọlé, ojú tó fi ń wo yàhúù á yí padà.

Tó bá kọjá agbára yín

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí fún oṣù díẹ̀ tí ọmọ ò tún lè fi í sílẹ̀, tí kò lọ sílé-ìwé mọ́, tó ń jalè láti ra dátà tàbí láti ta bẹ́ẹ̀tì, tó ń dá jókòó, tí kò jẹun, ẹ má dúró. Ẹ bá olùdámọ̀ràn ilé-ìwé sọ̀rọ̀, ẹ lọ rí dókítà, FMC wà ní Ìdí-Àbà. Àti Arò, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ. Mo mọ ohun tí àwọn aládùúgbò máa ń sọ nípa ẹni tó bá lọ sí Arò. Àmọ́ láti 1954 ni ilé ìwòsàn yẹn ti wà níbí, láti ìlú òkèèrè ni wọ́n ti ń wá síbẹ̀, àwa tó wà nítòsí ẹ̀ la wá ń tijú. Ẹni tó bá lọ gba ìmọ̀ràn níbẹ̀ kò ya wèrè. Tí ọmọ bá sọ pé ayé sú òun tàbí pé òun fẹ́ kú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ mú un lọ.

Ìwé tí ẹ jọ kọ yẹn, ẹ mú un jáde ní ìparí táàmù kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ kà á, ẹ tú díẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀ tí ọmọ bá ti ṣe dáadáa. Ọmọ ọdún 13 àti ọmọ ọdún 17 ò gbọdọ̀ wà lábẹ́ òfin kan náà. Tó bá ti wọ SS3, ẹ yọ ìdíwọ́n ààpù kúrò, kó máa fọwọ́ ara ẹ̀ díwọ̀n ọ̀sán ẹ̀, àmọ́ kí fóònù ṣì máa sùn ní pálọ̀ di ọjọ́ tó máa parí WAEC. Lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù díẹ̀ kó tó wọ yunifásítì, ẹ jẹ́ kí fóònù máa sùn sọ́dọ̀ ẹ̀, kí ẹ máa bi í ní àárọ̀ bí oorun ṣe rí, torí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì kò sí ẹni tó máa gbé fóònù lọ sí pálọ̀ fún un.